Ẹyẹ Tó Ń Gbẹ́ Ògiri Amọ̀kòkò

Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìkòkò tútù láàárọ̀ ọjọ́ náà, Àkọ́bí ṣì wà lórí ẹní. Ó fi apá rọrí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́rìn-ín tán. Ìyá rẹ̀ rò pé oorun ló ń sùn. Ó fi ẹsẹ̀ ta á nípàá.

"Dìde, ọ̀lẹ. Oòrùn ti yọ tán, ìwọ ṣì ń bá ìkòkò sùn."

Kò dìde. Ó tún ta á. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ tó fọwọ́ kàn án lọ́rùn ni igbe ta, tí àwọn tó ń gbálẹ̀ ní àdúgbò fi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀.

Kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ejò kò bù ú ṣán. Kò bì, kò ké, kò pe ẹnikẹ́ni lóru. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó jẹun alẹ́ àná tó tún béèrè fún àlékún, òun ni wọ́n ń gbé jáde bí ẹni gbé pákó.

Ìyá arúgbó kan ló máa ń wẹ òkú ní ìlú náà. Ìyá Awẹ̀kú ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó wẹ Àkọ́bí tán, ó nu ojú rẹ̀, ó wá dúró tó ń wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

"Ẹni tí wọ́n bá mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣebí ńṣe ló yẹ kó funfun," ó ní. "Eléyìí pọ́n. Níbo lọmọ yìí sùn?"

Ìyá Àkọ́bí gbójú sókè. "Ilé bàbá rẹ̀ ló sùn! Àbí ẹ fẹ́ sọ pé ọmọ mi ń sùn káàkiri ni, Mama?"

Arúgbó náà da omi nù. Ẹni tó ń wẹ òkú kì í bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jiyàn.

Bàbá Amọ̀kòkò, bàbá Àkọ́bí, dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wọlé. Ìkòkò omi ńláńlá tí ilé náà ń mọ, kò sí ẹni tó tún lè mọ irú rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti wá, òfin rẹ̀ kò sì ju ẹyọ kan lọ: iná kọ́ ni ọ̀tá ìkòkò, afẹ́fẹ́ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò tútù, ẹ̀gbẹ́ náà á gbẹ ṣáájú èkejì, ìkòkò á sì sán. Nítorí èyí, yàrá tí wọ́n ti ń gbẹ ìkòkò kò ní fèrèsé. Ihò kan péré ló ní lókè lábẹ́ òrùlé, kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Bí òjò bá pọ̀, wọ́n á gbé agbada èédú tó ń jó kalẹ̀ sí àárín yàrá, wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹnì kan á sì sùn síbẹ̀ láti máa ṣọ́ iná náà. Lọ́dún yìí, Bàbá Amọ̀kòkò ti yọ koríko orí yàrá náà kúrò, ó fi páànù tuntun bò ó, inú rẹ̀ sì dùn pé afẹ́fẹ́ kò ní ọ̀nà mọ́. Lálaalẹ́ ló ń rìn yí yàrá náà ká pẹ̀lú amọ̀ tútù lọ́wọ́, á máa fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tó là, á sì rẹ́ ẹ, títí kan ihò òkè náà. Bí àwọn mìíràn ṣe ń gbàdúrà kí wọ́n tó sùn, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ rí.

Aránṣọ, obìnrin tó ń fi máṣíìnì ránṣọ nílé kejì, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà.

"Ẹ̀yin kò gbọ́ ni? Òru mẹ́ta ni ẹyẹ kan fi wà lórí páànù yín. Kò-kò-kò, kò-kò-kò, bí ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Mo ní kí n sọ, mo ní ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ jẹ́ẹ́ mi. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ẹyẹ ta ni?" Ìyá Àkọ́bí bi í.

Aránṣọ kò dárúkọ ẹnì kankan. Ó kàn yí ojú sí ìdí igi tó wà lẹ́yìnkùlé, níbi tí ọmọbìnrin kan jókòó sí tó ń fi òkúta ra ara ìkòkò títí yóò fi máa dán.

Ọmọ àbúrò Bàbá Amọ̀kòkò ni ọmọbìnrin náà. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, òkúta odò kan ló fi sílẹ̀ fún un, èyí tí wọ́n fi ń dán ìkòkò. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógún báyìí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ rárá, wọ́n wá sọ ọ́ ní Adákẹ́. Bí àlejò bá kí i, ìkòkò ọwọ́ rẹ̀ ni yóò máa wò títí àlejò yóò fi lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ikú Àkọ́bí, Adákẹ́ sọ̀rọ̀. Ó bá Bàbá Amọ̀kòkò, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, níbi tó ti ń po amọ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dí ihò òkè yẹn lóru."

"Kí ló dé?"

Ó ní ohun tó pọ̀ láti sọ. Ìdajì rẹ̀ nìkan ló jáde, kò fi ìyókù kún un. Ó dorí kodò. Bàbá Amọ̀kòkò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ tó ń dán ìkòkò fẹ́ kọ́ mi ní ìkòkò." Lálẹ́ ọjọ́ náà ló rí i pé nǹkan kan ti gbẹ́ amọ̀ ihò náà dànù. Ó tún un dí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún ti là. Ní alẹ́ kẹta, ó mú àpáàdì líle kan, ó fi há ihò náà, ó sì fi amọ̀ lẹ̀ ẹ́ pa. Alẹ́ náà ni Àkọ́bí sun oorun àìjí.

Ìyá Àkọ́bí kò gbàgbé. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú, ó bi Adákẹ́ lójú gbogbo ilé pé, "Ta ló sọ fún ẹ nípa ihò?"

Adákẹ́ wo òkúta ọwọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀! Ta ló sọ fún ẹ?"

Ẹni tó sọ fún un, kò sí ẹlòmíràn tó lè rí i.

Níbi kòtò amọ̀ ni wọ́n ti pàdé, bí oṣù méjì ṣáájú. Adákẹ́ ló máa ń lọ wa amọ̀ ní ìdájí, kí oòrùn tó mú. Ó bá ọkùnrin kan tó jókòó sí etí kòtò náà. Ó síngbọnlẹ̀, èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti là yánnayànna, ẹ̀jẹ̀ sì gbẹ mọ́ ọn.

"Ṣé òkúta lo jẹ ni?" Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu Adákẹ́ kó tó mọ̀.

"Ó jọ ọ́," ọkùnrin náà ní. "Ògiri ni."

Kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ló yẹ kó bà á, ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tó mí sínú, ó rí i pé àyà ọkùnrin náà ń gbé sókè pẹ̀lú tirẹ̀. Ìgbà tó mí síta, ti ọkùnrin náà lọlẹ̀.

"Jagunjagun ni mí," ọkùnrin náà sọ fún un.

"Jagunjagun tí kò ní idà? Tí kò tiẹ̀ ní bàtà?"

"Ẹnu mi ni idà mi. Ìwọ náà ti rí ọgbẹ́ rẹ̀."

Ó sọ ọ́ fún un díẹ̀díẹ̀, láàárọ̀ kan sí òmíràn. Ọmọ ogun afẹ́fẹ́ ni. Ọ̀tá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Adíninímú ni wọ́n ń pè é. Kò ní ẹsẹ̀, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ibi tí iná bá ti ń tòògbé nínú yàrá tí kò ní ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń bí i, á sì jókòó lé àyà ẹni tó bá sùn síbẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀ pé òun ń kú. Lóru, ẹyẹ ni ọmọ ogun afẹ́fẹ́. Kò sí ẹni tó ń rí wọn bí ènìyàn, àfi ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n dá mọ́ wọn, bí wọ́n bá tiẹ̀ rí onítọ̀hún láyé. Láàárín ìdájí sí ìgbà tí oòrùn bá yọ nìkan ni.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé èmi ni?"

"O fẹ́ eruku kúrò lára ìkòkò kan. Mo wà lórí òrùlé. Bí èémí rẹ ṣe jáde, tèmi náà jáde. Nígbà tí wọ́n ń dá wa, èémí kan ni wọ́n pín sí méjì, Adákẹ́. O mú ìdajì wá sáyé, mo mú ìdajì lọ sójú ogun."

"Obìnrin mélòó lo ti sọ èyí fún?"

"Gbogbo àwọn tí mo máa ń bá pàdé, oorun ni wọ́n ń sùn. Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń hanrun."

Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé apẹ̀rẹ̀ amọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí rẹ̀. Aṣẹ́gi kan tó ń kọjá lọ rí i tó ń dá rẹ́rìn-ín, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó sì ń fi ìka méjì pa òróró sí ojú afẹ́fẹ́ lásán, níbi tí ètè ọkùnrin náà wà. Aṣẹ́gi náà kò kí i. Aránṣọ ló lọ sọ fún.

Láàárọ̀ tó tẹ̀lé ikú Àkọ́bí, ọkùnrin náà kò lè gbórí sókè. Ètè rẹ̀ ti ya dé imú.

"Àpáàdì ni wọ́n fi dí i. Mo gbẹ́ ẹ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ń gbọ́ ọmọ náà nínú ilé, mo ń gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń kéré sí i."

"Èmi ni," Adákẹ́ ní. "Ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ."

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ ọkùnrin náà gbóná ju ti ènìyàn lọ, àtẹ́lẹwọ́ Adákẹ́ sì dán bí ara ìkòkò tó ń ṣe. Kò sẹ́ni tó ti di ọwọ́ yẹn mú láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún méje.

"Bí Adíninímú bá mú èmi ńkọ́?" ó bi í.

"Màá fún ọ ní ìdajì tèmi. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sí mi mọ́, ogun á sì di tìẹ."

"Má fún mi. O gbọ́? Má fún mi."

Oòrùn yọ. Ìyẹ́ dúdú kan ló kù sí etí kòtò.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kó ìkòkò jáde nínú yàrá náà tí ó jẹ́ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ti là láti ẹnu dé ìdí, nítorí pé nǹkan kan ń ṣí ihò náà lóru. Lẹ́yìn náà ni ti Kékeré, ọmọ ọdún mẹ́fà, àbíkẹ́yìn ilé náà. Lóru ọjọ́ òjò kan, ó yọ́ dìde, ó lọ sùn sórí ẹní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú yàrá ìkòkò, níbi tí èédú ń jó láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Ó ń wá Àkọ́bí ni. Wọ́n bá a láàárọ̀ tí ara rẹ̀ rọ bí aṣọ, wọ́n gbé e síta, ó bì, ó sì lajú. Amọ̀ ihò òkè ti fọ́ sílẹ̀, ìyẹ́ dúdú méjì sì wà lórí ẹní.

"Ẹyẹ náà ló padà wá mú èkejì!" Ìyá Àkọ́bí ké. Ó di aṣọ Adákẹ́ mú lọ́rùn. "Kí ni mo ṣe fún ẹ? Mo bọ́ ẹ, mo wẹ̀ ẹ́, mo di irun fún ẹ. Ṣé nítorí pé ìyá tìẹ ti kú ni gbogbo ìyá yòókù ò fi gbọdọ̀ lọ́mọ?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀," Bàbá Amọ̀kòkò ní.

Adákẹ́ sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ ọ́ tán pátápátá.

"Èédú náà ni, Bàbá. Ohun tó ń tú jáde lára rẹ̀ nígbà tí kò bá ní ọ̀nà ló pa Àkọ́bí. Ẹyẹ náà ló ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ fún Kékeré. Ẹ yọ páànù yẹn, ẹ má dí ihò náà mọ́."

"Èédú? Ṣé o rí èéfín kankan níbẹ̀? Bàbá mi jó èédú níbẹ̀! Bàbá bàbá mi jó o níbẹ̀! Kò pa ẹnì kankan."

"Bàbá—"

"Ta ló sọ fún ẹ?" Ìyá Àkọ́bí tún bi í.

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹni tó ń gbẹ́ ògiri náà ni."

Aránṣọ ló kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. "Ó ti jẹ́wọ́! Ẹ gbọ́ ọ, ó mọ ẹyẹ náà! Àwọn méjèèjì jọ ń sọ̀rọ̀. Aṣẹ́gi rí wọn."

Bàbá Amọ̀kòkò jókòó sórí òkìtì amọ̀. Ó ní wọn yóò ti Adákẹ́ mọ́ inú yàrá ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ náà, pẹ̀lú èédú àti ìkòkò, bí Àkọ́bí ṣe wà. Òun fúnra òun yóò fi àfọ́kù bíríkì dí ihò. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ẹyẹ kò wá, àṣìsọ ni, òun yóò dọ̀bálẹ̀ bẹ ọmọ àbúrò òun. Bí ẹyẹ bá wá, òun mọ ohun tí òun yóò fi pátákó ìlu-amọ̀ òun ṣe.

"Èmi náà á wọlé tì í," Ìyá Àkọ́bí ní. "Màá jókòó tì í títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ nígbà tí ẹyẹ rẹ̀ bá dé."

"Ìyá, ẹ má wọlé," Adákẹ́ bẹ̀ ẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n dá wọlé. Ẹ̀yin ẹ dúró síta."

"Gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀! Ó fẹ́ kí n dúró síta."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ìyá Awẹ̀kú kó wá láàárọ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé yóò ní òkú tí yóò wẹ̀, yálà ti ènìyàn tàbí ti ẹyẹ.

Èédú náà pọ́n ní àárín yàrá. Ìkòkò ńláńlá yí wọn ká bí àwọn àgbà tó sanra tí wọn kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Ìyá Àkọ́bí jókòó sórí ẹní tí ọmọ rẹ̀ kú sí, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fi ọ̀pá há a láti ìta.

"Sọ ọ́ fún mi," ó ní. "Nígbà tí ẹ mú un, ṣé ó pè mí?"

"Ìyá, kò mọ nǹkankan. Ó ń sùn ni."

"Irọ́ ni."

"Ẹ jẹ́ kí a dùbúlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ibi tó là díẹ̀ yẹn."

"Ọkọ mi ti fi amọ̀ rẹ́ ẹ. O kò ní rí ibi sá lọ."

Ó bú u, ó sunkún, ó tún bú u. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yán. "Orí ń fọ́ mi," ó ní. Lẹ́yìn náà ló wí pé, "Kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi wúwo báyìí?" Lẹ́yìn náà, kò sọ nǹkankan mọ́.

Adákẹ́ rá dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi òkúta rẹ̀ kàn án. "Bàbá! Ìyá ń kú lọ! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Ó gbọ́ ohùn Aránṣọ níta. "Ọgbọ́n ni. Ó fẹ́ jáde lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn."

Ó tún ké, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológìnní lọ. Ilé ń yí i lójú. Orí rẹ̀ kan ilẹ̀. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ lókè.

Kò-kò-kò. Kò-kò-kò.

Bíríkì tí iná ti jó pa ni, kì í ṣe amọ̀ tútù. Ó gbọ́ nígbà tí nǹkan kan ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì mọ̀ pé bíríkì kọ́ ló ṣẹ́. Kíkàn náà kò dúró, ohùn rẹ̀ ló kàn yí padà, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fi egungun lu òkúta. Bíríkì náà mì. Ó já sílẹ̀ sáàárín ìkòkò, afẹ́fẹ́ tútù sì ya wọlé bí omi. Ìyá Àkọ́bí fa èémí kan, ojú rẹ̀ là.

Níta, Bàbá Amọ̀kòkò ti wà lórí àkàsọ̀. Ó rí ohun dúdú náà tó ki orí bọ ihò, ó gbé pátákó tó fi ń lu amọ̀ sókè, ó fi gbogbo ìbànújẹ́ oṣù náà lù ú. Ó gbọ́ tí egungun rún. Ẹyẹ náà ṣubú sínú ilé. Bàbá Amọ̀kòkò rí ihò tó là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ó bu amọ̀ tútù nínú igbá, ó rẹ́ ẹ dí.

Ìdájí ti dé. Ẹyẹ kọ́ ló wà nílẹ̀ nígbà tí Adákẹ́ rá dé ibẹ̀. Ọkùnrin náà ni, nínú ìmọ́lẹ̀ pupa èédú. Àyà rẹ̀ ti wọlé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sí ètè tó kù lẹ́nu rẹ̀.

"Mo pẹ́," ó ní.

"O kò pẹ́."

"Ènìyàn méjì ló wà nínú yàrá yìí. Èémí tó kù kò tó ẹnì kan."

"Mo ní kí o má fún mi." Ó ń sunkún, kò sì ní èémí tó fi ń sunkún. "Mo ti sọ fún ọ."

"Ìgbà gbogbo lo máa ń sọ̀rọ̀ díẹ̀," ọkùnrin náà wí, ó sì dà bí ẹni pé ó ń rẹ́rìn-ín. "Àní tí o bá fẹ́ bá mi jà pàápàá."

Ó gbé ọwọ́ gbígbóná náà sí ẹ̀yìn orí Adákẹ́, ó fi ẹnu rẹ̀ tó ti fọ́ kan ẹnu rẹ̀, ó sì mí síta. Ó mí síta títí, láìfà á padà. Adákẹ́ gbọ́ nígbà tí ìdajì méjèèjì di odidi nínú àyà rẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀ fúyẹ́. Ó fúyẹ́ sí i. Nígbà tó ṣẹ́jú, ẹyẹ dúdú kan ló gbé sórí itan, tí kò ní ẹnu.

Ó tẹ́ ẹ sínú ìkòkò kan tí òun fúnra rẹ̀ ti dán, ó dìde, ó sì fi òkúta odò rẹ̀ lu ògiri pẹ̀lú odidi èémí náà.

Àwọn tó wà níta sọ pé àrá ni àwọn rò pé ó sán. Ògiri tí bàbá bàbá Amọ̀kòkò mọ, tó nípọn ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, fọ́ síta láti inú. Adákẹ́ jáde níbẹ̀, ó fa Ìyá Àkọ́bí lábẹ́ apá, òkúta odò wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Ó tẹ́ ẹ sórí koríko. Aránṣọ ti sá dé ilé rẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn.

Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Ìyá Awẹ̀kú dé pẹ̀lú korobá omi rẹ̀, ó bá Ìyá Àkọ́bí tó ń bì, tó ń wúkọ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n roro. Arúgbó náà kúnlẹ̀ tì í, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

"Irú pupa yìí náà ni," ó ní. "Ti ọmọ rẹ nìyí. Ìyàtọ̀ kan ni pé ìwọ rí afẹ́fẹ́."

"Àjẹ́ ni, Mama," Bàbá Amọ̀kòkò wí. Pátákó náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹyẹ náà wá. Mo rí i. Ó ké lóru tí ọmọ mi kú, ó tún ké lánàá."

"Ó ké. Ta nínú yín ló béèrè ohun tó ń ké sí?" Arúgbó náà wo ògiri tó wó, ó wo òkè. "Koríko ni bàbá rẹ fi bo yàrá yìí. Koríko ń mí. Ìwọ fi páànù bò ó, o sì fi amọ̀ rẹ́ etí rẹ̀. Ta ló ń dí ihò náà lálaalẹ́?"

Ìyá Àkọ́bí ló dáhùn, láti orí koríko, ohùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

"Bàbá Àkọ́bí. Nígbà tí ihò yẹn là, mo mí. Mo rí ìràwọ̀ kan níbẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rí ọwọ́ rẹ tó gbé amọ̀ lé e."

Bàbá Amọ̀kòkò wo ọwọ́ rẹ̀. Amọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná, tútù, àtijọ́ àti ti alẹ́ àná. Ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó tún nù ún, ó tún nù ún. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ sílẹ̀ lórí eékún níwájú ọmọ àbúrò rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde," Adákẹ́ ní. "Kékeré ń sùn nínú ilé. Ẹ lọ ṣí fèrèsé."

Ó sin ẹyẹ náà sí etí kòtò amọ̀, nínú ìkòkò tó dán náà. Kò padà sílé mọ́. Bàbá Amọ̀kòkò fọ́ ihò sí gbogbo ògiri ilé rẹ̀, ó yọ páànù, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán tòru. Kò sí ìkòkò kan tó mọ lẹ́yìn náà tí kò sán. Ó ń mọ ọ́n síbẹ̀.

Títí di òní, bí òjò bá mú kí àwọn ènìyàn ti fèrèsé tí wọ́n sì gbé iná wọ yàrá, àwọn kan máa ń gbọ́ ọ lára pákó fèrèsé. Kò-kò-kò. Ìró náà á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ẹnu ẹyẹ, òkúta ni. Baálé ilé á dìde pẹ̀lú ìbínú, orí á ti máa fọ́ ọ. "Àjẹ́ ni! Wọ́n tún ti dé!" Á ṣí fèrèsé sílẹ̀ gbàgà kó lè bú u dáadáa. Kò ní rí ẹnì kankan. Afẹ́fẹ́ á gba abẹ́ apá rẹ̀ wọlé, á fọwọ́ kan ojú àwọn ọmọ tó ń sùn. Ọ̀kan á wúkọ́, á yí ẹ̀gbẹ́ padà.

Á bú u títí yóò fi rẹ̀ ẹ́, á sì gbàgbé láti ti fèrèsé náà.